Ohun Tí Mo Ní Mo Rí Lójú Ọ̀run

Ìwọ tí ewé wọ̀nyí bọ́ sí lọ́wọ́, ẹni yòówù kí o jẹ́, mo fi ewú orí mi bẹ̀ ọ́: má ṣe kà á sókè. Bí ẹlòmíràn bá wà nínú yàrá, pa á dé. Obìnrin kan ń gbé ní àjà òkè wa tí gbogbo ilé ń pè ní Rédíò, nítorí pé kò sí ìròyìn tí yóò bọ́ sí i létí ní òwúrọ̀ tí kì í dé ìkángun àdúgbò kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ mi ti tán. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ṣàánú mi, fi í sí ikùn rẹ.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá

Ọmọbìnrin wa wá láti òdìkejì ìlú, ó sì tún mú ọ̀rọ̀ dókítà ojú wá. Awọ funfun tí ó bo ẹyinjú ìyá rẹ̀ méjèèjì ti nípọn. Bí wọn kò bá tètè ṣí i, ó lè ṣòro láti ṣí nígbà tí ó bá yá. Ìyàwó mi jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ìka ọwọ́ ṣa ẹ̀wà, nítorí pé ìka ni ó fi ń ríran báyìí.

“Màmá, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní í sun ibẹ̀.”

“Abẹ ò mọ kékeré. Ojú ni wọ́n fẹ́ fi í kàn, kì í ṣe èékánná.”

“Ẹ ò rí mi mọ́, Màmá. Ó dáa, ẹ sọ fún mi, irú aṣọ wo ni mo wọ̀?”

“Èyí tó o máa ń wọ̀ tó o bá fẹ́ wá yọ mí lẹ́nu.”

Kí ìjà má baà wọ̀ ọ́, mo gbé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi sókè. Ìwé ojú ọ̀run ni, ti ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí mo tú palẹ̀ tí mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rán pọ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé, ìdí ìwé tí mo ń rán ni mo ti kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ mi ní ABD. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbàgbé: agbo ìràwọ̀ kan ní òde òfúrufú, tí àárín rẹ̀ mọ́ bí ojú fìtílà, tí apá rẹ̀ ń yí ká bí ìkarahun ìgbín, tí etí àwọn apá náà sì ní àwọ̀ búlúù. Ìwé náà sọ pé ìràwọ̀ àìníye ni ó kóra jọ síbẹ̀, pé aládùúgbò ni ó jẹ́ fún agbo ìràwọ̀ tí àwa wà nínú rẹ̀, àti pé ojú lásán lè rí i láti ibi tí iná kò bá sí. Mo kà á fún wọn.

Ìyàwó mi dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. “Ojú lásán? Ojú ta?”

“Ojú ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá dá.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti rí i?”

“N kò tíì wò ó.”

“Ẹ wò ó, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Tó bá rí bẹ́ ẹ ṣe kà á yìí, màá gbé ojú mi fún wọn.”

Ọmọ wa ké: “Láti ìgbà tí mo ti ń bẹ̀ yín! Ìràwọ̀ ló wá máa yí yín lọ́kàn padà?”

“Kí ni ìwọ fi lọ̀ mí? O ní màá máa rí àtẹ̀gùn. Ta ló fẹ́ rí àtẹ̀gùn?”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ojú ọ̀run mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ mo gun òrùlé pẹrẹsẹ tí àwọn ará ilé ń sá aṣọ sí. Iná òpópónà wa ti kú láti ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tí ó tún un ṣe. Ó wá wúlò lónìí. Mo tẹ̀ lé ọ̀nà tí ìwé là sílẹ̀: láti ara ìràwọ̀ mẹ́rin tí ó ṣe igun mẹ́rin, kí a rìn dé ìràwọ̀ kejì, kí a sì yà sókè.

Mo rí ohun kan. Ó dà bí èémí tí ènìyàn mí sára dígí tí kò tíì gbẹ. Apá kò sí, búlúù kò sí, yíyí kò sí. Mo nu awò ojú mi, mo tún wò. Èémí ni.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ojú èmi náà ni ó ti ń lọ. Bí ó bá hàn síta, ta ni yóò gbé ìwé fún mi rán mọ́? Wọn yóò ní afọ́jú méjì ni ó ń fa ara wọn lọ́wọ́ nínú yàrá ìsàlẹ̀ yẹn.

Mo bá ìyàwó mi lórí àga, ó ti gbé ojú sí ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé.

“Ẹ rí i?”

“Mo rí i.”

“Àwọn apá yẹn ńkọ́?”

Mo ní wọ́n ń yí ká. Mo ní àárín rẹ̀ dà bí fìtílà. Nígbà tí ó bi mí léèrè búlúù, mo ní búlúù náà wà níbẹ̀, pé ó rẹwà ju ti inú ìwé lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí, kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Rédíò ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. “Bàbá, kí lẹ lọ wò lókè?”

“Ìràwọ̀.”

“Ìràwọ̀ wo? Ojoojúmọ́ ayé ni ìràwọ̀ ń yọ, mi ò rí i kẹ́ ẹ gùn ún lọ rí.”

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹni tí ń ta búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà kí mi ní “Bàbá Awòràwọ̀.” Èmi kọ́ ni mo sọ fún un. Búrẹ́dì tún ti wọ́n sí i, ó sì ti kéré sí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyàwó mi ti gbà! Ọjọ́ kẹta oṣù tí ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe ojú ọ̀tún. Bí ìyẹn bá san, wọn yóò ṣe ti òsì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọmọ wa dì mọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣe é! Èmi ò mọ̀ pé ẹ lẹ́nu tó báyìí.” Inú mi dùn títí di ìgbà tí ó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo ń wo ọwọ́ ara mi, tí mo ń gbé e súnmọ́ ojú tí mo sì ń gbé e jìnnà.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Olùtọ́jú ilé ìkàwé dá ìwé ojú ọ̀run padà. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. “Bàbá, ẹ má bínú o, ewé inú rẹ̀ ń fò. Ó ń sọ̀rọ̀ agbo ìràwọ̀ lọ́wọ́, ó kàn já sórí òòrùn.” N kò rántí ìgbà tí wọ́n ti dá iṣẹ́ ọwọ́ mi padà rí. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì níwájú rẹ̀.

Àwa tí ń rán ìwé a máa to ìdì ewé lé ara wọn, àmì kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan ni a sì fi ń mọ èyí tí ó ṣáájú. Lọ́sẹ̀ yẹn n kò wo àmì. Àwòrán náà ni mo ń wò. Ìdì tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìwé ni mo rán an mọ́, lẹ́yìn òṣùpá. Mo jókòó, mo tú okùn, mo yọ ọ́ jáde, mo sì ka ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ kí n tó dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ó kà báyìí: ẹ̀rọ ni ó ya àwòrán náà, wọ́n sì ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ìmọ́lẹ̀ tó kún inú rẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè rí àwọn apá wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá wò ó pẹ̀lú ojú lásán kò ní rí ju kùrukùru funfun kékeré lọ.

Ojú mi kò ṣàìsàn. Ẹnu mi ni ó ń ṣàìsàn.

Bí mo bá sọ fún un lónìí, yóò ní, “Mo mọ̀!” yóò sì kọ abẹ. Bí ó bá kọ abẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò mọ ìgbà tí yóò tún gbà. Nítorí náà màá dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Mo tún un kà, kò dà bí ọgbọ́n lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Télọ̀ tí ó ń gbé yàrá tí ó kọjú sí tiwa mú ìyá rẹ̀ wá kí wa. Awọ ti bo ojú ìyá náà, bí ti ìyàwó mi. Mo wà nídìí iṣẹ́, mo sì ń gbọ́ wọn.

“Ó ní apá, wọ́n ń yí, bí ìgbà tí ọmọge bá ń jó tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́. Bàbá fojú ara rẹ̀ rí i.”

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí, ìyàwó mi ni ó fi kún un. Irọ́ mi ti ń bímọ.

Ìyá Télọ̀ ní, “Tí tìẹ bá fi yọrí, tèmi ló kàn. Ó ti sú mi kí n máa fọwọ́ wá ẹnu.”

Mo gún ara mi ní abẹ́rẹ́ ìránwé. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ewé funfun, mo sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá

Wọ́n ti ṣe é. Ìjókòó àwọn tí ń dúró le bí òkúta, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń rùn bí omi oògùn. Kí wọ́n tó mú un wọlé, ó di apá dókítà mú.

“Dókítà, mo ní agbo ìràwọ̀ kan tí mo fẹ́ wò. Ṣé ojú yìí á lè rí i?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Màmá, tí ẹlòmíì bá lè rí i, ẹ̀yin náà á rí i.”

Ó yí sí mi. “Ẹ gbọ́ yẹn?”

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n ṣí ojú rẹ̀ lówùúrọ̀. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo òrùlé, lẹ́yìn náà ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Áà! Ṣé báyìí lẹ ti gbó tó?”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú mi. Nígbà tí a délé, ó rí eruku abẹ́ àga, ó rí bọ́tìnnì tí mo fi okùn ìwé rán mọ́ aṣọ mi, ó rí aláǹtakùn kan tí ó ti ń bá wa gbé. Ó gun àtẹ̀gùn àjà lọ, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀, láìdi ẹnikẹ́ni mú, kí ó ṣáà lè rí i.

Mo ṣèlérí fún ara mi pé ọ̀la ni màá sọ.

Àìkú, ọjọ́ keje

N kò sọ. Òṣùpá mọ́lẹ̀ rokoṣo lẹ́yìn tí ó yọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kì í jẹ́ kí a rí agbo ìràwọ̀ dáadáa, ó sì gbà pé òun yóò dúró. Òótọ́ ni mo sọ. Ó ti pẹ́ tí òótọ́ ti gba ẹnu mi kọjá sí i, ó ṣàjèjì sí mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Òṣùpá kì í yọ mọ́ títí di òru, àwáwí mi sì ti tán. Ìyàwó mi wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì ṣáájú mi gun àtẹ̀gùn.

Nígbà tí ó gbé orí sókè, ó kọ́kọ́ pariwo. “Wọ́n pọ̀ tó báyìí? Wọ́n wà níbí látọjọ́ yìí?” Ó ń yí ká láàárín aṣọ tí àwọn ènìyàn sá bí ọmọdé. Àyè ọ̀rọ̀ ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Bí mo bá ti sọ ọ́ nígbà yẹn, ìràwọ̀ yòókù ì bá ti bá mi tù ú nínú.

Ó ní, “Ó yá, èwo ni tiwa?”

Mo tọ́ka sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó sì wò ó pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe.

“Ẹ tọ́ka sí i dáadáa.”

“Lókè ìràwọ̀ kejì yẹn, díẹ̀ sí apá ọ̀tún.”

“Ẹn-hẹ́n.” Aṣọ Rédíò ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Ṣé o rí i?”

“Mo rí i.”

Kò sọ̀rọ̀ apá. Kò sọ̀rọ̀ búlúù. Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ọwọ́ mi, ó sì dì í mú, mo ń ní kí ó máa rọra, títí a fi dé ìsàlẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo jí bá ìyàwó mi lójú fèrèsé. Ó ń bo ojú kan, ó ń ṣí i, ó ń bo ìkejì. Ó fi okùn wọ ihò abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ó mi orí bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó gbé abẹ́rẹ́ pamọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti ṣe ohun tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ wa wá láti bá a sọ̀rọ̀ ojú òsì. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu.

“Iṣẹ́ yẹn ò yọrí. Ẹ jẹ́ n fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà.”

“Kò yọrí báwo? Màmá, ẹ sọ fún mi pé ara ògiri ya nígbà tí mo wọlé!”

“Ògiri súnmọ́. Mo gòkè lọ wo ohun tí Bàbá rẹ ń wò. Ṣó o mọ ohun tí mo rí? Funfun kan báyìí, rúrú. Irú èyí tó bo ojú mi tẹ́lẹ̀ gan-an ni. Wọn ò kó o tán. Bàbá rẹ fi ojú àgbà rẹ̀ rí apá, ó rí àwọ̀, èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ojú fún ò rí nǹkan kan. Kí n wá gbé ìkejì fún wọn kí wọ́n bà á jẹ́?”

Ọmọ wa yí sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ rí àwọn apá yẹn?”

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bàtà Rédíò lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó dáa,” ni ó wí, ó sì gbé àpò rẹ̀. “Dókítà yẹn á ṣàlàyé fún mi lọ́la.”

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi nǹkan kún un.

Lánàá, ọmọ wa mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì pariwo lé dókítà lórí níwájú àwọn aláìsàn. Dókítà yẹ ojú náà wò, ó ní kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ìyàwó mi kò jiyàn, ó kàn gbà pé wọ́n ń bo ara wọn láṣìírí ni. Kí ilẹ̀ òní tó mọ́ dáadáa, Rédíò ti gbé e dé ibi gbogbo pé dókítà ba ojú ìyá arúgbó jẹ́. Ní ọ̀sán, ọmọ wa wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí Télọ̀ wọlé, tí okùn ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ ṣì rọ̀ mọ́ ọrùn.

“Màmá, ẹ kú ìdààmú ọkàn o. Mo wá dúpẹ́ ni. Tí kì í bá ṣe tiyín, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọn ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá tèmi. Mo ti ní ká fagi lé e.”

Rédíò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní iyọ̀ ni òun wá tọrọ.

Mo dìde. Mo ní, “Má fagi lé e. Dókítà kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ dá. Kò sí apá kankan níbẹ̀.”

“Apá wo?” ni Télọ̀ wí.

“Ara agbo ìràwọ̀. Ojú ènìyàn kì í rí i. Ẹ̀rọ ni ó rí i. Kùrukùru tí ó rí yẹn, òun náà ni èmi rí. Òun ni gbogbo ayé ń rí.”

Ọmọ wa ní, “Ṣùgbọ́n mo bi yín léèrè. Níbí. Lọ́jọ́rú.”

“O bi mí.”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ máa bú ọmọ ọlọ́mọ níwájú àwọn èèyàn!”

Rédíò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Yéè! Nígbà náà, ẹnu lásán ni Bàbá fi ya àwòrán!”

Ìyàwó mi fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, “Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Pé ojú kì í rí i, kí wọ́n tó ṣe abẹ. Pé èmi kò rí i, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ kò fi ẹnu gbé mi ṣeré bí ọmọdé. Lónìí ni ó pè mí ní ìwọ.

“Ìwọ. Mo sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀ bí afọ́jú. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ó tán, pé bí màá ṣe kú nìyí. Ìwọ sì di ọwọ́ mi mú, o ń ní kí n máa rọra.”

Télọ̀ ń ká okùn ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ìka.

Rédíò ni ó kọ́kọ́ mira. Ó ti Télọ̀ léjìká. “O ṣì dúró? Lọ sọ fún ìyá rẹ kó máa múra. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ dókítà yẹn kiri, èmi náà ni màá gbé e padà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti gbọ́ pé irọ́ ni.”

“Irọ́ ta?” ni Télọ̀ bi í.

Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé èmi ni kí n máa dá orúkọ yọ ni?”

Ó gbàgbé iyọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọmọ wa ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ dókítà. Mo ní kí n bá a lọ, ó ní kí n jókòó.

Ìyàwó mi kì í bá mi sọ̀rọ̀, aago ògiri ni ó ń bá sọ̀rọ̀. “Aago, sọ fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn pé oúnjẹ ti délẹ̀.” Mo dá aago lóhùn pé mo dúpẹ́. Ní òpópónà, ẹni tí ń ta búrẹ́dì kí mi ní “Bàbá Alápá.” Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti oṣù tó kọjá wá dé, mo sì rí i pé kò dùn mí tó bí aago yẹn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ìyàwó mi dúró níwájú mi. “Dìde.”

A gòkè. Òṣùpá tín-ín-rín ti fẹ́ wọ̀. Ó ní, “Ó yá, sọ ohun tó o rí. Èyí tó o rí nìkan.”

Mo ní, “Kùrukùru funfun. Bí èémí lára dígí. Tí mo bá tẹjú mọ́ ọn, ó máa ń fẹ́ sá. Tí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó máa ń padà.”

Òun náà wò. “Tèmi gùn díẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí hóró ìrẹsì. Àárín rẹ̀ mọ́ ju etí lọ. Ìwọ ò rí ìyẹn?”

“N kò rí ìyẹn.”

“Ojú mi dá ju tìrẹ lọ nìyẹn.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń wò yẹn ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù ọdún méjì kí ó tó kàn wá lójú.

“Inú ìwé lo ti rí ìyẹn, àbí inú ẹnu rẹ?”

“Inú ìwé.”

“Ìdì tó wà láyè rẹ̀, àbí èyí tó o rán sẹ́yìn òṣùpá?”

N kò mọ ẹni tí ó sọ fún un nípa ìdì. Mo ní èyí tí ó wà láyè rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màá jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú òsì. Tìtorí ara mi ni o. Má ṣèlérí nǹkankan fún mi.”

Ó dá sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù kìíní

Wọ́n ṣe é. Wọ́n ṣe ti ìyá Télọ̀ náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ tí wọ́n ń dúró, mo sì fẹ́ jókòó tì wọ́n. Ìyá Télọ̀ ní, “Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń ya àwòrán, kó lọ yà á síta.” Mo jókòó síta. Òòrùn mú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Ojú méjèèjì ti ṣí. Láti ìgbà tí a ti wọlé ni ìyàwó mi ti ń ka gbogbo ohun tí ó ní lẹ́tà: ara àpò ìrẹsì, ara kàlẹ́ńdà, ẹ̀yìn àwọn ìwé orí tábìlì mi. Ilé ẹ̀kọ́ ni òun ti kọ́ ọ ní tirẹ̀, ó máa ń yára kà jù mí lọ kí ojú rẹ̀ tó lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ kan ìwé yìí. Gbogbo ohun tí mo kọ síwájú, ó ti mọ̀ ọ́n, àdúgbò sì ti bá a mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni ó kù.

Mo ti jẹ́ kí gbogbo wọn gbà pé ìbẹ̀rù ẹnu ayé ni ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, èmi ni mo ń sọ fún un bí ọjọ́ ṣe rí, ẹni tí ó ń bọ̀, àwọ̀ aṣọ tí ó wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì gbára lé ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn abẹ àkọ́kọ́, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn, èmi sì jókòó tì í bí àga tí wọn kò jókòó lé mọ́. Ní alẹ́ tí a kọ́kọ́ gòkè, nígbà tí ó na ọwọ́ sẹ́yìn tí ó ń wá tèmi, mo mọ ohun tí ó rò nípa ojú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ohun tí ó sì kọ́kọ́ dé ọkàn mi ni ìdùnnú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìtìjú dé. Nítorí ìdùnnú yẹn ni mo fi dákẹ́ láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e.

N kò lè sọ èyí fún un. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ó wò mí pẹ̀lú ojú méjèèjì, mo sì bèèrè bóyá oúnjẹ ti délẹ̀.

Ìwọ tí o kà á débí, ewé yòókù kò ṣe mí ní nǹkan, fi wọ́n sílẹ̀ bí ó bá wù ọ́. Èyí ni kí o fà ya. Fi iná sí i, kí o sì dúró tì í títí lẹ́tà tí ó kẹ́yìn yóò fi di eérú, kí o fi ẹsẹ̀ tẹ eérú náà. Bí ó bá jẹ́ ìwọ, ìyàwó mi, ni o ń kà á, ìwọ náà sun ún. Lẹ́yìn náà, pè mí kí n wá gbá ilẹ̀ ibẹ̀.